Eré Destiny: Agbára àti Àléébù Ìtàn tí Kọ́kọ́rọ́ Rẹ̀ Wà Lọ́wọ́ Ẹnìkan

1.0 Ìfáàrà

Ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 2020, ìtàn kan tí àìmọye ènìyàn ti fi owó wọn rà di àwátì. Kò sí ẹni tí ó dáná sun ún, kò sì sí ẹni tí ó jí i gbé. Ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é ni ó mú un kúrò nínú ẹ̀rọ. The Red War ni orúkọ ìtàn náà. Òun ni ìpín àkọ́kọ́ nínú Destiny 2, eré ìbọn yíyìn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ilé-iṣẹ́ Bungie ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án ọdún 2017.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni eré ìbọn yíyìn ń wá láàrin àwọn onímọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀. Ìdáhùn wa ni pé eré yìí ní ibùdó ìtàn, ó ní ẹ̀dá-ìtàn, ó ní àhunpọ̀ ìtàn, ó sì ní ohùn tí ń sọ ìtàn náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tí à ń kọ́ ní lítíréṣọ̀ lónìí ni ó ń bá irú ìtàn báyìí pàdé lójú ẹ̀rọ kí wọ́n tó bá a pàdé nínú ìwé. Bí a kò bá mọ bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò, a ó kàn máa bú u tàbí kí a máa yìn ín ni, láìmọ ìdí.

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú iṣẹ́ yìí ni láti ṣe àgbéyẹ̀wò agbára àti àléébù eré Destiny, láti orí ti àkọ́kọ́ tí ó jáde ní ọdún 2014 títí dé orí èkejì. Èrò wa ni pé orísun kan náà ni agbára rẹ̀ àti àléébù rẹ̀ ti ṣàn wá. Ìtàn rẹ̀ wà láàyè nítorí pé kò dúró sójú kan. Ṣùgbọ́n nítorí pé kò kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín rí, ẹni náà lè pa á nígbà tí ó bá wù ú.

2.0 Irú Eré tí Destiny Jẹ́

Ọdún 1991 ni a dá Bungie sílẹ̀. Eré Halo, tí ó jáde ní ọdún 2001, ni ó sọ orúkọ ilé-iṣẹ́ náà di ńlá. Ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án ọdún 2014 ni Destiny àkọ́kọ́ jáde. Ilé-iṣẹ́ Activision ni ó ń bá Bungie tà á títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019 tí àwọn méjèèjì pínyà. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún náà, Bungie sọ ìbẹ̀rẹ̀ Destiny 2 di ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ìpín ìtàn tí ó tóbi ṣì ń náni lówó. Ní ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ Sony ra Bungie fún bílíọ̀nù 3.6 owó dọ́là.

Ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì ni ìtàn inú rẹ̀, ọjọ́ iwájú ni ó sì wà. Ohun róbótó funfun kan tí ó ga bí òkè, tí wọ́n ń pè ní Traveler, wá sí sàkáání oòrùn wa. Ó bùkún ọmọ aráyé, wọ́n sì tẹ̀dó sórí àwọn pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn. Lẹ́yìn náà ni àjálù dé, tí ó jẹ́ pé ìlú ńlá kan ṣoṣo ni ó ṣẹ́kù lábẹ́ òjìji Traveler. Láti dáàbò bo ìlú yìí, ẹ̀rọ kéékèèké tí ń fò, tí ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, tí orúkọ wọn ń jẹ́ Ghost, a máa jí òkú dìde, wọn a sì sọ wọ́n di ẹ̀ṣọ́. Ẹni tí ń ṣe eré náà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí. Oríṣi ẹ̀ṣọ́ mẹ́ta ni ó wà: Titan, Hunter àti Warlock. Àwọn ọ̀tá tí wọ́n kọ́kọ́ ń bá jà ni Fallen, Hive, Vex àti Cabal.

Ẹ̀ṣọ́ tí a jí dìde kì í rántí ẹni tí ó jẹ́ kí ó tó kú. Kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i.

3.0 Agbára Rẹ̀

3.1 Ìbọn àti Ìtàn Ìbọn

Ní ti ìbọn yíyìn fúnra rẹ̀, kò sí àríyànjiyàn púpọ̀. Àwọn tí ń bu ẹnu àtẹ́ lu eré yìí pàápàá gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀mọ̀ràn ni. Bí a bá yin ìbọn, ìró rẹ̀, bí ó ṣe ń ta sókè lọ́wọ́ ẹni, àti bí ọ̀tá ṣe ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, gbogbo rẹ̀ ni ó ń ṣẹlẹ̀ pa pọ̀ láìsí ìdádúró. Ẹ̀rọ náà a tún máa ran ojú eléré lọ́wọ́ díẹ̀, tí ọta tí ì bá tàsé ní ìwọ̀n bíńtín yóò fi ba ọ̀tá, eléré kò sì ní fura pé ẹnìkan ran òun lọ́wọ́. Oríṣi ọta mẹ́ta ni ó wà: ọta funfun pọ̀, ọta aláwọ̀ ewé mọ níwọ̀n, ti elésè àlùkò sì ṣọ̀wọ́n. Ìdí nìyí tí eléré fi ní láti máa ronú ohun tí yóò ná àti ìgbà tí yóò ná an.

Èyí tí ó kan àwa onílítíréṣọ̀ jù ni pé àwọn ìbọn kan ní ìtàn. Thorn jẹ́ ìbọn ìléwọ́ Dredgen Yor, akíkanjú tí ó yí padà di apànìyàn. The Last Word ni ìbọn tí Shin Malphur fi pa á ní ìgbẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá gbé ọ̀kan nínú méjèèjì dání ti gbé apá kan nínú ìtàn náà dání, bí ó sì ti ń lò ó ni yóò máa rántí ẹni tí ó lò ó ṣáájú rẹ̀. Nínú ìwé, òǹkọ̀wé ni ó ń ṣàpèjúwe ohun ìjà. Níbí, ọwọ́ òǹkàwé fúnra rẹ̀ ni ó ti ń mọ̀ ọ́n.

3.2 Àgbájọ Ọwọ́ àti Ọ̀rọ̀ Ẹnu

Ibi tí agbára Destiny ti hàn jù ni ìjà àgbájọ tí wọ́n ń pè ní raid. Ènìyàn 6 ni ó ń lọ síbẹ̀ pọ̀. Ti àkọ́kọ́, Vault of Glass, ṣí sílẹ̀ ní ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án ọdún 2014. Kì í ṣe ìbọn nìkan ni a fi ń borí níbẹ̀. Ibẹ̀ kún fún àdììtú, a sì máa ń há ohun tí ẹni kọ̀ọ̀kan rí mọ́ ọn lójú, débi pé kò sí ẹnìkan tí ó lè dá tú u. Nígbà tí raid Last Wish ṣí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, ó gba ẹgbẹ́ tí ó kọ́kọ́ parí rẹ̀ ní nǹkan bí wákàtí 19.

Ẹ jẹ́ kí a fi Vow of the Disciple, tí ó jáde ní oṣù kẹta ọdún 2022, ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ó kan èdè gbọ̀ngbọ̀n. Àmì tí ó lé ní 20 ni a yà sára ògiri àti òpó níbẹ̀. Ẹnìkan yóò rí àmì nínú iyàrá kan, ẹlòmíràn tí kò lè rí i ni yóò sì lò ó ní ibòmíràn, àkókò sì ń lọ. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó wà ni kí ẹni tí ó rí i pe orúkọ rẹ̀. Bí wọn kò bá ti fohùn ṣọ̀kan lórí orúkọ àmì kọ̀ọ̀kan ṣáájú, gbogbo wọn yóò kú. Àwọn tí ó ti kọ́ nípa àrokò yóò mọ ẹ̀kọ́ yìí dáadáa: ohun tí a fi ránṣẹ́ kò ní ìtumọ̀ nínú ara rẹ̀, àdéhùn láàrin afiránṣẹ́ àti agbàránṣẹ́ ni ó fún un ní ìtumọ̀. Olùkọ́ tí ó fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ lóye bí àmì ṣe ń di ọ̀rọ̀ kò ní tètè rí àpẹẹrẹ tí ó yè kooro ju èyí lọ.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020. Bungie gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní Corridors of Time. Ẹ̀là àwòrán kan péré ni eléré kọ̀ọ̀kan ń rí ní òpin rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn láti ilẹ̀ káàkiri kó ẹ̀là tiwọn jọ, wọ́n tò ó pọ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan títí ó fi di àwòrán ọ̀nà odindi. Ibojì ni wọ́n bá ní òpin ọ̀nà náà, ti ẹ̀ṣọ́ tí olúkúlùkù wọn jẹ́. Ẹ̀bùn tí wọ́n rí gbà kò dùn mọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn, nítorí ìbọn tí wọ́n ti gbọ́ nípa rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Síbẹ̀, kíkà tí gbogbo ayé jọ ka ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo báyìí ṣọ̀wọ́n nínú lítíréṣọ̀ àpilẹ̀kọ.

3.3 Òǹwòran tí ó Di Alábàáṣe

Lance Reddick, òṣèré ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ó fi ohùn rẹ̀ fún ọ̀gágun Zavala láti ọdún 2014. Ó kú ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 2023. Bí ìròyìn náà ti kàn, àwọn eléré bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ lọ sọ́dọ̀ Zavala nínú eré náà. Wọ́n tò síwájú rẹ̀, àwọn kan kúnlẹ̀, àwọn mìíràn kí i ní kíkí ológun. Kò sí ibi tí a ti kọ ọ́ sínú eré pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Keith David ni ó gba ipò ohùn náà lẹ́yìn rẹ̀, òun ni a sì gbọ́ nínú The Final Shape tí ó jáde ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 2024, níbi tí ìjà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2014 ti parí. Ìtàn tí àwọn ènìyàn fi ọdún mẹ́wàá tẹ̀ lé, tí wọ́n sì lè ṣọ̀fọ̀ nínú rẹ̀, kì í ṣe ohun tí a ń fi ojú kékeré wò.

4.0 Àléébù Rẹ̀

4.1 Ìtàn tí Kò Sí Nínú Ìtàn

Àléébù àkọ́kọ́ ti wà láti ọdún 2014. Ìtàn tí a gbọ́ nínú eré àkọ́kọ́ fẹ́lẹ́; a ń pa ọ̀tá láìmọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Kì í ṣe pé a kò kọ ìtàn wọn. A kọ ọ́, ṣùgbọ́n orí káàdì tí wọ́n pè ní Grimoire ni a kọ ọ́ sí, ojú-ìwé Bungie lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni a sì ti lè kà á, kì í ṣe inú eré. Ẹni tí ó fẹ́ mọ ìdí tí òun fi ń jà ní láti pa ẹ̀rọ eré rẹ̀, kí ó lọ wá a kà níbòmíràn. Books of Sorrow, ìtàn bí Oryx àti àwọn arábìnrin rẹ̀ ṣe sọ ìran Hive di apanirun, jáde lọ́nà yìí ní ọdún 2015. Ó wà lára èyí tí ó dára jù nínú gbogbo ohun tí a kọ fún Destiny, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ eléré kò mọ̀ pé ó wà. Láti ìgbà Forsaken, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, ni a tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ìwé ìtàn wọ̀nyí sínú eré gan-an.

4.2 Ohùn tí a Pa Rẹ́

Ní ọdún 2014, Peter Dinklage ni ó fọ ohùn Ghost. Nígbà tí ó di oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, Nolan North gbapò rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun nìkan ni North sọ. Ó tún gbogbo ọ̀rọ̀ àtijọ́ sọ, a sì yọ ohùn ti àkọ́kọ́ kúrò pátápátá. Ẹni tí ó bá ṣe eré náà lẹ́yìn ìgbà yẹn yóò rò pé bí ó ti rí láti ilẹ̀ nìyẹn. Àwa tí ó mọ̀ pé ohùn apohùn jẹ́ ara iṣẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé àyípadà yìí kò kéré. Nínú ìwé, a lè fi ẹ̀dà àkọ́kọ́ wé ẹ̀dà kejì. Níbí, ẹ̀dà kejì ti jẹ ẹ̀dà àkọ́kọ́ tán.

4.3 Ìtàn tí a Kó Lọ

Ohun tí a fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ni àléébù tí ó tóbi jù. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, nígbà tí ìpín tuntun Beyond Light jáde, Bungie kó The Red War, Curse of Osiris àti Warmind kúrò nínú eré. Mars, Io, Titan, Mercury àti ọkọ̀ Leviathan bá wọn lọ. Ní ọjọ́ 22 oṣù kejì ọdún 2022, tí The Witch Queen jáde, ìtàn Forsaken náà lọ. Àwọn tí ó fi owó ra àwọn ìpín wọ̀nyí kò rí wọn lò mọ́.

Kí a má ṣe àìṣòótọ́: ìdí tí ilé-iṣẹ́ náà sọ nítumọ̀. Eré náà ti tóbi kọjá 100 GB, gbogbo ohun tuntun tí a bá sì fi kún un ni ó lè ba ti àtijọ́ jẹ́, tí a ó ní láti máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn nǹkan kan padà bọ̀: Vault of Glass padà ní ọdún 2021, apá kan nínú Mars ní ọdún 2022, apá kan nínú Titan ní ọdún 2023. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, Bungie ṣe ìlérí pé àwọn kò ní kó ìpín ńlá kankan lọ mọ́. Ṣùgbọ́n ìlérí náà kò kan ìtàn kéékèèké ti ìgbà dé ìgbà, àwọn tí ó so ìpín kan pọ̀ mọ́ èkejì.

Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 2020 wọ inú ìtàn láti àárín. Àwọn ẹ̀dá-ìtàn ń kí i bí akọni tí ó ṣẹ́gun Ghaul, òun kò sì bá Ghaul jà rí. Ó wá dà bí ẹ̀ṣọ́ inú ìtàn náà gan-an, tí ó jí tí kò sì rántí ohunkóhun nípa ayé rẹ̀ àtijọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí dé ilé-ẹjọ́ pẹ̀lú. Ní ọdún 2024, òǹkọ̀wé kan pe Bungie lẹ́jọ́ ní ìpínlẹ̀ Louisiana pé wọ́n jí ìtàn òun lò nínú The Red War. Bungie kò lè gbé ìtàn náà síwájú adájọ́ bí ó ti rí nínú eré, nítorí pé wọ́n ti kó o kúrò. Fídíò YouTube àti àkọsílẹ̀ àwọn olólùfẹ́ eré náà ni wọ́n kó kalẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, adájọ́ kọ̀ láti gba àwọn wọ̀nyí gẹ́gẹ́ bí ìdí láti da ẹjọ́ náà nù. Èyí kì í ṣe ìdájọ́ pé ẹ̀sùn náà jẹ́ òótọ́. Ohun tí ó jẹ wá lógún ni pé ẹni tí ó ni ìtàn, nígbà tí ó nílò ìtàn náà láti gbèjà ara rẹ̀, lọ yá ìrántí lọ́wọ́ àwọn òǹwòran.

4.4 Owó, Iná àti Èdè

Àwọn àléébù mìíràn kò gba àlàyé gígùn. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2015 ni ìsọ̀ kan tí ń jẹ́ Eververse ti wà nínú eré náà tí ó ń ta aṣọ àti ohun ọ̀ṣọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, àwọn eléré ṣàkíyèsí pé iye ìrírí tí ojú ẹ̀rọ ń fi hàn wọ́n ju iye tí wọ́n ń rí gbà ní tòótọ́ lọ. Bungie jẹ́wọ́, wọ́n sì dá ètò náà dúró. Ní oṣù keje ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ náà dá òṣìṣẹ́ 220 dúró, lẹ́yìn nǹkan bí 100 tí wọ́n ti dá dúró ní ọdún 2023. Bí irú ọ̀pọ̀ bẹ́ẹ̀ bá lọ, ìmọ̀ ìdí tí a fi kọ ìtàn bí a ti kọ ọ́ a máa bá wọn lọ.

Bákan náà, Destiny 2 kò ṣeé ṣe rárá láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, kódà fún ẹni tí ó dá nìkan wà. Ẹni tí iná mànàmáná ń ṣe ségesège nílé rẹ̀ mọ ohun tí èyí ń sọ. Ní ti èdè, a túmọ̀ eré náà sí èdè tí ó lé ní 10, títí kan èdè Korea àti Potogí ti ilẹ̀ Bùràsíìlì, ṣùgbọ́n kò sí èdè Áfíríkà kankan nínú wọn.

5.0 Eré Yìí àti Lítíréṣọ̀ Alohùn

Ó wu àwọn kan láti sọ pé eré orí íntánẹ́ẹ̀tì ti padà di lítíréṣọ̀ alohùn, nítorí pé ó ń yí padà, ó ń fẹ́ alábàáṣe, kò sì rí bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, àwọn àpẹẹrẹ tí a mú wá ní ìpín 3.0 sì gbè é lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ìfiwéra náà ti já.

Lítíréṣọ̀ alohùn náà a máa yí padà, a sì máa sọnù. Kí a má tan ara wa jẹ. Bí àgbà kan bá kú láìní ọmọ ẹ̀kọ́, ohun tí ó mọ̀ lè bá a lọ. Síbẹ̀, ẹni tí ó gbọ́ àlọ́ lónìí lè pa á lọ́la. Bí ó ti gbọ́ ọ ni ó ti di tirẹ̀. Ti ìwé náà kò yàtọ̀ púpọ̀: ẹni tí ó ní Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà, tí a kọ́kọ́ tẹ̀ ní ọdún 1938, lè ṣí i lónìí láìtọrọ àyè lọ́wọ́ òǹtẹ̀wé. Eléré Destiny kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Kò lè tún eré náà ṣe fún ọmọ rẹ̀ láti orí, kò sì lè fi í pamọ́ sínú àpótí. Àyè àtiwọlé ni ó rà, kò ra ilé. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó ni ẹrú ni ó ni ẹrù. Bungie ni ó ni kọ̀ǹpútà tí ìtàn náà ń gbé, òun náà ni ó sì ni ìtàn.

Nítorí náà, a kò lè fara mọ́ ọn pé eré yìí jẹ́ lítíréṣọ̀ alohùn. Ó mú ìyípadà ti alohùn, ó sì mú àṣẹ oníǹkan ti òǹtẹ̀wé, ṣùgbọ́n ó fi ààbò tí ó wà nínú méjèèjì sílẹ̀.

6.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé Destiny ní agbára tí kò ṣeé sẹ́: ìbọn rẹ̀ dùn-ún yìn, ìjà àgbájọ rẹ̀ ń kọ́ni ní bí èdè ṣe ń ṣiṣẹ́, ìtàn rẹ̀ sì mú àwọn ènìyàn ṣọ̀fọ̀ papọ̀. A tún fi hàn pé àléébù rẹ̀ tí ó wúwo jù kì í ṣe ti ìṣọwọ́kọ̀wé. Ti ìpamọ́ ni. Ẹni tí ó bá ń wá eré tí yóò bá ọ̀rẹ́ ṣe yóò gbádùn rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wá ìtàn odindi, tí yóò kà láti orí dé ìdí, kò ní rí i níbẹ̀.

Fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ kọ iṣẹ́ lórí irú eré báyìí, ìmọ̀ràn mẹ́ta ni a ní. Èkínní, kí wọ́n sọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe eré náà àti ìpín tí ó wà níta nígbà náà, nítorí eré tí à ń pè ní orúkọ kan náà ní ọdún 2018 àti 2023 kì í ṣe ọ̀kan náà. Èkejì, kí wọ́n gba ohùn àti àwòrán ohun tí wọ́n ṣe sílẹ̀ fúnra wọn, gẹ́gẹ́ bí a ti ń gba ohùn oníjàálá sórí téèpù nígbà tí a bá lọ ṣe ìwádìí. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n má ṣe ka fídíò ẹlòmíràn sí eré náà gan-an: ọ̀nà tí ẹnìkan gbà ni ó fi hàn, a kò sì lè rí i níbẹ̀ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní ó gba ọ̀nà mìíràn.

Ìwọ̀nba tí ó kù nínú The Red War lónìí wà nínú fídíò àti àkọsílẹ̀ àwọn tí kò retí pé ẹnikẹ́ni yóò nílò rẹ̀. Àwọn ni ó ṣe iṣẹ́ tí ó yẹ kí onímọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kò yẹ kí a dúró di ìgbà tí wọn yóò tún kó òmíràn lọ kí a tó dara pọ̀ mọ́ wọn.